Ẹ̀jẹ̀ Mi àti Ìkòkò Ìyá Mi

Ìyá mi kì í bi èèyàn bóyá ó ti jẹun. Kó o tó bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́, wàá ti gbọ́ ìró ọmọrí ìkòkò. Tó o bá ní o ti yó, wọn á ní, “Yó níbo? Ṣé ilé mi lo ti yó ni? Jókòó jàre.” Àwo á dé iwájú rẹ, omi á tẹ̀ lé e, àwọn náà á fa àpótí sún mọ́ ọ, wọn á máa wo ẹnu rẹ. Tó o bá wá ṣẹ́ oúnjẹ kù, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, wọ́n lè bínú títí di ìrọ̀lẹ́. Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n sọ fún ẹnì kankan nínú wa pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Èyí tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n sè jù ni ìkọ́kọrẹ́. Wọn á rin ewùrà, wọn á gbé epo àti ata kaná, wọn á da ẹja sí i: ọbọ̀kún tútù, ṣáwá gbígbẹ, pánlá tó ti wà nínú omi láti àárọ̀. Ẹja náà á jinná títí á fi fọ́ mọ́ ewùrà lára, o ò ní mọ èyí tó jẹ́ ẹja mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó jẹ ìkọ́kọrẹ́ kì í sọ pé òun jẹ ẹja, bí ẹni tó jẹ ọbẹ̀ kì í ti í sọ pé òun jẹ iyọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ lo jẹ, ó parí. Ká ní mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré yìí máa fi ojú mi rí ni, ǹ bá ti kọ́ ẹnu mi ní àlàyé.

Bàbá mi kú ní èbúté nígbà tí mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jẹ́ kí àwọn mí díẹ̀, wọ́n jókòó lórí àpò ìrẹsì, wọn ò dìde mọ́. Lẹ́yìn tí mo ti lọ́kọ, tí ọmọ tí mo bí pàápàá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá mi ní, tún lọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ oníyanrìn ló ń wà ní apá Agbowa, ilé ìyá mi ló sì ń gbé. Ó jí, ó ṣe àlùwàlá, ó ní àyà ń fún òun. Kí wọ́n tó rí mọ́tò tó máa gbé e, ó ti kú. Ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Ọkùnrin méjì, ilé kan náà, obìnrin kan náà ló ń se oúnjẹ fún wọn. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí ẹnu ayé máa sọ. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré, kò la ẹnu pe ìyá mi ní àjẹ́ rí. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ikú tó ń pa ọkùnrin ilé yìí, ó mọ ọ̀nà ilé ìdáná o,” á wá bú sẹ́kún, àwọn obìnrin tó bá wà níbẹ̀ á máa mi orí. Ìyá mi á gbọ́. Ńṣe ni wọ́n tún máa gbé ìkòkò kaná, bíi pé tí gbogbo èèyàn bá jẹ ẹ́, tí wọn ò kú, ọ̀rọ̀ náà á tán. Ó máa ń dùn mí débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n yọ bàtà, kí n fi gbá Ìyá Kékeré lẹ́nu. Kí Ọlọ́run foríjì mí, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn.

Ìkòròdú ni èmi ń gbé. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ibùdókọ̀ Benson, aṣọ ilé ìwé ni mo ń rán jù. Ọmọ mi obìnrin kàwé nípa oúnjẹ àti ìlera, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Òun ló gbọ́ pé àwọn oníwádìí kan ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ikú òjijì ti pa ẹbí wọn, pé wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń ba ọkàn jẹ́ láìjẹ́ kí èèyàn fura. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ,” ó ní. “Ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn jù.” Mo ní kó lọ fi omi ṣan ẹnu ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo lọ. Kì í ṣe nítorí ẹ̀mí mi nìkan. Ohun tí mo rò ni pé ẹ̀jẹ̀ tó wà lára mi, ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ni. Tí àwọn oníṣègùn bá rí nǹkan níbẹ̀, tí wọ́n ní ìdílé wa ló ni ín, á jẹ́ pé kò sí ẹni tó pa ẹnì kankan nìyẹn. Mo máa lọ dúró láàárín agbo ilé ní Ẹ̀pẹ́, mo máa sọ ọ́ sí Ìyá Kékeré létí, kí tọmọdé tàgbà gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́rìí gbe ìyá mi kí wọ́n tó kú. Ohun tí mo bá lọ jù nìyẹn.

Ẹ̀pẹ́ ni mo sùn mọ́jú ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, torí mo lọ kí ìyá mi. Ṣé ẹ tún fẹ́ bi mí ní ohun tí mo jẹ lálẹ́? Láàárọ̀, mi ò jẹ, mi ò mu, bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ. Mo wọ mọ́tò, a gba ọ̀nà Agbowa, mo dé Ìkòròdú, ọ̀dọ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ yà sí. Nọ́ọ̀sì tó gbà mí ń sọ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ó ní, “Mà, kí lẹ jẹ gbẹ̀yìn?”

Mo ní, “Ìkọ́kọrẹ́.”

“Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?”

“Ewùrà ni. Iṣu.”

“Ṣé ẹran wà níbẹ̀? Ẹyin ńkọ́?”

Mo ní rárá o, kò sí ẹran, kò sí ẹyin. Òdodo ni mo sọ, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè nǹkan mìíràn. Ó kọ iṣu sílẹ̀, ó fa ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kí n rọra máa lọ.

Dókítà kan wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, tó jókòó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wá fún wa. Ó ní oúnjẹ tí a bá jẹ kì í dúró bó ṣe wà. Ara á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé inú ìfun á tún pa òmíràn dà, gbogbo èérún bẹ́ẹ̀ á wá máa bá ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Ó ní àwọn kan wà nínú àwọn èérún náà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá pọ̀ sí lára, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ sábà máa ń mú un ju ẹlòmíràn lọ. Ó ní wọ́n á gbé ẹ̀jẹ̀ wa lọ sí ibi tí ẹ̀rọ tó lè rí wọn wà, pé ká ṣe sùúrù. Sùúrù náà pọ̀.

Nígbà tí èsì dé, èmi àti ọmọ mi la jọ lọ. Dókítà náà rẹ́rìn-ín sí mi, inú mi dùn. “Mà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín dáa,” ó ní. “Ṣúgà yín dáa. Ẹ ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n èérún kan wà níbẹ̀ tó ga, ó ga gan-an.”

Mo ní, “Ṣé ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti jogún ẹ̀?”

“Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, mà. Èyí, inú oúnjẹ ló ti sábà máa ń wá. Ẹran màlúù, ẹyin, àti bí ìfun kálukú bá ṣe ń lọ̀ ọ́. Ẹ máa ṣọ́ ohun tí ẹ ń jẹ. Tó bá yá, a máa tún un yẹ̀ wò.”

Inú oúnjẹ! Mo mú ẹ̀jẹ̀ mi lọ kó lọ jẹ́rìí gbe ìyá mi, ẹlẹ́rìí mi dìde, ó na ìka sí ìkòkò wọn. Dókítà ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ní pé nǹkan pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kò túmọ̀ sí pé òun ló máa pa èèyàn, ó ní àwọn ṣì ń wádìí ẹ̀. Ta ló ń gbọ́ ìyẹn? Mo ti dìde, mò ń wá báàgì mi, báàgì náà sì wà léjìká mi.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ mi ti sọ mí di ẹlẹ́wọ̀n. Ó ní ooru ṣọ́ọ̀bù kò dáa fún ọkàn mi, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wálé. Ó kó gbogbo ohun tó ti mí rí kúrò nínú fìríìjì: ẹran, ẹyin, ẹja, ẹdọ̀, èyí tó jẹ́ ti bàbá ẹ̀ pàápàá kò bọ́. Ẹ̀fọ́ ló ń sè fún mi, ẹ̀fọ́ tí kò ní epo, tí kò ní iyọ̀, tí kò ní ìtìjú. Tí mo bá fẹ́ jáde, á ní, “Mọ́mì, níbo?” Tí mo bá ní ẹnu géètì lásán, á tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì. Mo fẹjọ́ sun ọkọ mi, ọkọ mi ní kí n ṣe ohun tí ọmọ wí. Ẹni tí èèyàn bí, tí èèyàn pọ̀n, tí èèyàn nu ìdí fún, òun ló wá di wọ́dà.

Ẹ̀pẹ́ gan-an ló kọ̀ jù. “Bàbá àgbà jẹ oúnjẹ Màmá àgbà, wọ́n kú,” ó ní. “Ẹ̀gbọ́n yín jẹ ẹ́, wọ́n kú. Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́, ẹ wá wo ẹ̀jẹ̀ yín.”

Mo ní, “Ó ti ń dún lẹ́nu ẹ bíi ti Ìyá Kékeré.”

“Tèmi yàtọ̀, Mọ́mì. Sáyẹ́ǹsì ni tèmi.”

Ẹ̀rín pa mí, inú bí mi, ẹ̀rù tún wá bà mí. Ẹ̀rù yẹn ló burú jù. Ká ní ilé nìkan ni wọ́n tì mí mọ́ ni, ǹ bá fo fẹ́ǹsì. Àmọ́ ara mi fúnra rẹ̀ ti di yàrá tí kò ní fèrèsé. Tí mo bá dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, mò ń gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù, màá yí sí ọ̀tún, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Inú fífún lásán ti di ikú. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn, màá dúró láàárín, màá máa dúró de ohun tó dé bá bàbá mi lórí àpò ìrẹsì. Èmi tí mo máa ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ láti àárọ̀ di alẹ́, tí mo tún ń bá oníbàárà jà!

Ìyá mi wá ń pè. “Ìgbà wo lò ń bọ̀?” Mo ní iṣẹ́ pọ̀. “Ṣé kò sí?” Kò sí, Màmá. Wọ́n ní ohùn mi ti tínrín, pé mi ò jẹun. Kí n tó wí, wọ́n ti gbé ìkọ́kọrẹ́ sínú kúlà, wọ́n ti fi rán dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ ní Benson. Ọmọ mi ló lọ gbà á. Ó ṣí i lójú mi, òórùn náà gba gbogbo pálọ̀, itọ́ kún ẹnu mi bí ẹni tó lóyún. Ó bò ó padà, ó gbé e fún aládùúgbò wa. Aládùúgbò náà wá dúpẹ́, ẹnu ẹ̀ pọ́n fún epo. Nígbà tí ìyá mi pè, mo ní ó dùn gan-an, inú wọn sì dùn.

Kí ni kí n sọ fún wọn? Tí mo bá ní oúnjẹ wọn ni wọ́n ń fura sí, mo ti dá wọn lẹ́jọ́ nìyẹn, ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu ara ẹ̀ dá láti ọjọ́ yìí wá. Tí mo bá jẹ ẹ́, mo lè kú, tí mo bá sì kú, mo ti tún kún iye àwọn tí wọ́n ní ìyá mi jẹ. Tí mi ò bá jẹ ẹ́, gbogbo ayé á rí i pé ọmọ tó kù pàápàá ń sá fún ìkòkò ìyá rẹ̀. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, kò sí ibi tí mo lè gbà jáde. Mo wá ń yẹra ni ṣáá.

Àdúrà ọdún kan ẹ̀gbọ́n mi ló ká mi mọ́. Kò sí irọ́ tí mo lè pa tí mi ò fi ní lọ. Ọmọ mi bá mi lọ, ó dì mọ́ mi bí ọlọ́pàá tó mú olè. Àáfà ṣàdúrà tán, àwọn ọkùnrin wà níwájú ilé, àwa obìnrin wà lẹ́yìnkùlé. Ìyá mi ti se ìkọ́kọrẹ́ láti àárọ̀. Wọ́n bù ú fún gbogbo èèyàn pẹ̀lú ẹ̀bà, Ìyá Kékeré náà ń jẹ tiẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ dáadáa ni o. Wọ́n wá gbé tèmi wá, àwo ńlá, wọ́n fi pánlá ńlá tí wọ́n ti yọ sọ́tọ̀ sí orí ẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Mo ní, “Màmá, mo ti yó.”

“Yó níbo?” Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. “Jókòó jàre, o ti rù.”

Mo mú ṣíbí. Mo fẹ́ jẹ ẹ́, mo fi Ọlọ́run búra, mo ti pinnu pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ọwọ́ mi kọ̀. Ó dúró lórí àwo, kò gbéra, àyà mi sì ń lù débi pé aṣọ ń mì. Àwọn obìnrin ti ń wò mí. Ọmọ mi rí i pé ojú ń tì mí, ó rò pé òun fẹ́ gbà mí sílẹ̀. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, gbogbo wọn sì gbọ́. Ó ní, “Màmá àgbà, ẹ má bínú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Mọ́mì wò, wọ́n rí nǹkan níbẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n ní ó fà á.”

Ìyá Kékeré fi òkèlè tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀. “Wọ́n rí i nínú ẹ̀jẹ̀?” ó ní. “Àwọn dókítà? Háà! Ọlọ́run kò sùn.” Ó fa abọ́ omi mọ́ra, ó fọ ọwọ́ ẹ̀ kinkin, ó ń fi èékánná ha èékánná. Ẹni tó jókòó tì í gba abọ́ náà, ó fọ tiẹ̀. Ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí kan àwọn tí wọ́n ti jẹ tán. Àwọn obìnrin tí ìyá mi gbẹ̀bí ọmọ wọn wà níbẹ̀, àwọn náà fọwọ́.

Ìyá mi dúró, wọ́n ń wo abọ́ omi bó ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé àwo kúrò níwájú mi, wọ́n gbé e wọlé. Wọn ò wo ojú mi.

Nínú mọ́tò, mo bú ọmọ mi títí a fi kọjá Agbowa. Ó ń sunkún, ó ní, “Ṣebí òótọ́ ni mo sọ.” Mo ní òótọ́ dà? Òótọ́ tó o sọ sí àárín àwọn obìnrin yẹn, ṣé ó dúró ní òótọ́? Awakọ̀ ní kí n ṣe sùúrù fún ọmọ, mo bú òun náà.

Ìyá mi kò pè mí mọ́. Tí mo bá pè, wọ́n á dáhùn, wọ́n á ní àwọn wà, wọ́n á ní kí n kí ọkọ mi, ó tán. Kò sí “Kí lo jẹ?” Ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò lẹ́nu wọn pátápátá. Mo jókòó sílé, mò ń jẹ ẹ̀fọ́ aláìnítìjú, mò ń gbọ́ àyà mi.

Nígbà tó yá, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mi, èsì kejì sì dé. Dókítà àgbà ló pè wá lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ti ń hewú. Wọ́n ní èérún náà ti lọ sílẹ̀ pátá, bíi pé kò wá rí. Ó ya àwọn pàápàá lẹ́nu. “Ẹ jọ̀ọ́, mà,” wọ́n ní, “kí lẹ jẹ ní àṣálẹ́ tó ṣáájú ti àkọ́kọ́ yẹn?”

“Mo ti sọ fún wọn. Ìkọ́kọrẹ́.”

Wọ́n wò mí. “Ìkọ́kọrẹ́ wo? Èyí tó ní pánlá?”

“Ṣé èyí tí kò ní pánlá wà ni?”

Dókítà àgbà fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n ní ẹja, pàápàá ẹja òkun, ní èérún yẹn lára tẹ́lẹ̀. Tó o bá jẹ ẹ́ lálẹ́, ó máa kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ, tó bá ṣe díẹ̀, wàá tọ̀ ọ́ dànù. Ìyẹn kò fi hàn pé nǹkan kan ń ṣe ọkàn. Wọ́n ní, “Ẹja ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ yín, mà. Wọn ò rí àrùn.” Ọmọ mi pariwo, ó dì mọ́ mi, nọ́ọ̀sì tó kọ iṣu sílẹ̀ lọ́jọ́sí ń bẹ̀ mí. Gbogbo wọn ń yọ̀. Inú bí mi burúkú. Ẹja! Mo wá sunkún níwájú wọn, wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

A ò yà sílé. Ẹ̀pẹ́ la gbà lọ tààrà, ara mi fúyẹ́, mò ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún Ìyá Kékeré. Ọ̀sán la dé. Ilé ìyá mi dákẹ́. Mo wo ilé ìdáná, wọ́n ti dojú àwọn ìkòkò dé, eruku ti bò wọ́n. Ẹ̀kọ tí wọ́n rà ni ìyá mi ń jẹ, àwọn nìkan, ní yàrá. Wọ́n ti gbẹ. Ọmọ mi kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé.

Mo ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé ẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi: pánlá, ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, gbogbo ẹ̀. Mo ní, “Ẹja ni, Màmá. Ẹja lásán. Kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò yín. Mo máa pe Ìyá Kékeré, mo máa pe gbogbo wọn.”

Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣọ́ mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Má pe ẹnì kankan. Ẹ̀jẹ̀ tìẹ nìyẹn. Ta ló máa lọ yẹ ti bàbá ẹ wò? Ta ló máa yẹ ti ẹ̀gbọ́n ẹ wò?”

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́rìí, kò sọ sí mi lọ́kàn pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tiwọn ti wà nínú ilẹ̀. Ìyá mi ní, “Èmi náà ti ń bi ara mi léèrè. Èèyàn kì í mọ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ ara ẹ̀.”

Mo ní, “Ebi ń pa mí.” Mo jókòó sórí ẹní. “Ẹ se ìkọ́kọrẹ́ fún mi. Mi ò ní kúrò níbí tí mi ò bá jẹ ẹ́.”

Wọ́n wá dìde, wọ́n fọ ìkòkò, wọ́n rán ọmọ mi lọ ra ewùrà àti ẹja. Mo gbọ́ tí wọ́n ń rin ewùrà, inú mi dùn, mo ní ó ti tán, ó ti parí. Òórùn epo ń wọlé, oorun ń gbé mi lọ lórí ẹní. Nígbà tí oúnjẹ jinná, wọ́n gbé àwo wá, mo na ọwọ́ sí i.

Ìyá mi fa àwo náà sẹ́yìn. Wọ́n mú ṣíbí mi, wọ́n bu díẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọtí fún àlejò tí kò mọ̀ ọ́n rí ṣe máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí àlejò má bàa fura. Wọ́n gbé e mì. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n la ẹnu kí n rí i. Wọ́n wá ti àwo sí iwájú mi.

“O rí i,” wọ́n ní. “Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́.”